Òṣùwọ̀n Kan Náà fún Gbogbo Ayé: Ọ̀rọ̀ lórí Amẹ́ríkà àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìròyìn wa bá àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ìlú sọ ní àyájọ́ Ọjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn.

 

Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú mi lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ǹjẹ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí agbára rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ ní ayé, ń ṣe ohun tí Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ? Bí a bá bèèrè èyí láàárín ọjà, ìdáhùn méjì ni a óò gbọ́. Àwọn kan yóò wí pé Amẹ́ríkà ni ilé òmìnira, pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè bú ààrẹ tán kí ó sì lọ sùn ní ilé rẹ̀ láìsí ìfòyà. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹnu lásán ni, pé àwọn tí ó fi baba ńlá wa ṣe ẹrú kò ní ẹnu láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́. Èmi kò ní tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí mọ̀ pé ariwo kọ́ ni a fi ń mọ iye gàrí tí ó wà nínú àpò. Kọ́ńgò ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n náà jáde, kí a mọ bí ó ti rí, kí a tó fi wọn ẹnikẹ́ni.

Bí òṣùwọ̀n náà ti rí

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 1948, ní ìlú Paris, Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tẹ́wọ́ gba Ìkéde náà. Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta péré tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ìpakúpa tí ìjọba Hitler pa àwọn ènìyàn sì wà lójú gbogbo ayé síbẹ̀. Orílẹ̀-èdè 58 ni ó wà nínú Àjọ nígbà náà. Orílẹ̀-èdè 48 dìbò pé àwọn fara mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kan tí ó lòdì sí i. Orílẹ̀-èdè 8 wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. 2 yòókù kò kópa nínú ìdìbò náà. Sófíẹ̀tì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ wà nínú àwọn 8 náà. Saudi Arabia wà níbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà, tí ìjọba tuntun rẹ̀ ń fi ìdí òfin ìyapa ẹ̀yà múlẹ̀ ní ọdún náà gan-an, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa kò sí níbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà; ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọdún 1960 ni a tó wọ Àjọ náà. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, Ẹtiópíà, Làìbéríà àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ni ó ní ìjókòó nínú Àjọ ní ọjọ́ tí a tẹ́wọ́ gba Ìkéde.

Abala 30 ni Ìkéde náà ní. Abala kìíní sọ pé a kò bí ẹnikẹ́ni ní ẹrú, pé iyì kan náà ni gbogbo ènìyàn ní. Abala karùn-ún kọ ìdálóró. Abala kẹsàn-án kọ kí a kàn mú ènìyàn kí a sì tì í mọ́lé láìnídìí. Abala kẹwàá ní kí ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn rí ilé ẹjọ́ tí kì í ṣègbè. Abala kọkànlélógún sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti yan àwọn tí yóò ṣe ìjọba. Abala karùndínlọ́gbọ̀n mẹ́nu ba oúnjẹ, ibùgbé àti ìtọ́jú aláìsàn. Abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n mẹ́nu ba ẹ̀kọ́, ó sì ní kí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé Ìkéde ni, kì í ṣe òfin tí ọlọ́pàá lè fi mú ni. Ìlérí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìlérí. Ẹyin ni ohùn; bí ó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Obìnrin Amẹ́ríkà kan, Ìyáàfin Eleanor Roosevelt, opó Ààrẹ Franklin Roosevelt, ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ètò Ìkéde náà. Nítorí náà, òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe àjèjì sí Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó rọ ọ́. Àwọn àgbà a sì máa wí pé ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò.

Aṣọ tí ó wà ní ọrùn Amẹ́ríkà

Nígbà tí Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1776, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn. Thomas Jefferson, ẹni tí ó kọ ìwé náà, ní ẹrú tí ó lé ní 600 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ogun abẹ́lé jà kí òfin tó fi òpin sí oko ẹrú ní ọdún 1865. Ní ọdún 1868, ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ṣèlérí ààbò òfin tí ó dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1870, ó ní a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n gbé owó orí ka iwájú olùdìbò. Wọ́n gbé ìdánwò ìwé kíkà ka iwájú ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìwé gidi. Àwọn jàǹdùkú sì ń so ènìyàn dúdú kọ́ igi lójú ọ̀sán. Ní ọdún 1896, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kò sí aburú nínú kí a ya dúdú kúrò lọ́dọ̀ funfun, bí ohun tí a pèsè fún wọn bá ṣáà ti dọ́gba. Kò dọ́gba rí.

Àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ kò dákẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, ọdún 1947, nígbà tí a ṣì ń kọ Ìkéde náà lọ́wọ́, ẹgbẹ́ wọn tí à ń pè ní NAACP gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tọ Àjọ Ìparapọ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé W. E. B. Du Bois, ẹni tí ó padà wá fi Gánà ṣe ilé tí ó sì kú sí Accra ní ọdún 1963, ni ó ṣe olóòtú ìwé náà. Wọ́n to gbogbo ìyà tí òfin àti àṣà fi ń jẹ wọ́n sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ayé wá wò ó.

Ìyáàfin Roosevelt kan náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí ẹgbẹ́ NAACP. Síbẹ̀, kò fẹ́ kí a gbé ìwé náà ka iwájú Àjọ, nítorí ó rò pé Sófíẹ̀tì yóò fi í ṣe ohun ìjà sí orílẹ̀-èdè òun. Lóòótọ́ ni Sófíẹ̀tì gbè sẹ́yìn ìwé náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn kò wọlé. Ìgbìmọ̀ náà sì ti sọ ní ọdún yẹn kan náà pé òun kò ní agbára láti gbé ìgbésẹ̀ kankan lórí ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni bá mú wá. Báyìí ni a ṣe gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kì í ṣe ènìyàn búburú ni Ìyáàfin Roosevelt. Ó sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sínú ìdẹwò tí í máa ń bá gbogbo alágbára: ó fẹ́ òṣùwọ̀n náà tọkàntọkàn, kò sì fẹ́ kí ọ̀tá dúró ti òun nígbà tí a bá ń fi wọn ilé òun. Ẹ̀yin ará, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ni ó sọ pé òrùlé ilé rẹ ń jò, omi tí ń kán sórí ibùsùn rẹ kò torí bẹ́ẹ̀ di irọ́.

Bí ìyípadà ti ṣe wáyé

Ó yẹ kí n sọ èyí tí ó dára láìṣẹ́ ohunkóhun kù. Ní ọdún 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà dá ẹjọ́ pé ìyapa ní ilé ìwé lòdì sí òfin. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1955, Ìyáàfin Rosa Parks kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní ìlú Montgomery. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ fún ọjọ́ 381, títí ilé ẹjọ́ fi dá wọn láre. Ní ọdún 1957, gómìnà ìpínlẹ̀ Arkansas fi ọmọ ogun dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé mọ́ àwọn ọmọ dúdú mẹ́sàn-án ní ìlú Little Rock. Ààrẹ Eisenhower sì rán àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ láti mú wọn wọlé. Ní ọdún 1964, òfin fi òpin sí ìyapa ní ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ibi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1965, àwọn ọlọ́pàá na àwọn tí ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ìlú Selma. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde.

Àwa ará Áfíríkà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní ọdún 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira, wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni K. A. Gbedemah, jókòó mu omi ọsàn ní ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware. Ìròyìn náà kàn káàkiri, Ààrẹ Eisenhower sì pè é wá jẹun òwúrọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní ọdún 1961, aṣojú ilẹ̀ Chad ń lọ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ han Ààrẹ Kennedy ní Washington. Ilé oúnjẹ ẹ̀bá títì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland kò dá a lóhùn. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tuntun ti ń dìbò ní Àjọ Ìparapọ̀ nígbà náà, Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ ìbò wọn. Kódà ní ọdún 1952, nígbà tí ẹjọ́ ilé ìwé wà níwájú ilé ẹjọ́, ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé sí àwọn adájọ́ pé ìyapa náà ń ba orúkọ Amẹ́ríkà jẹ́ lójú ayé. Ìtìjú nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tí a nà, tí a tì mọ́lé, tí a sì pa ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ayé ràn wọ́n lọ́wọ́.

Amẹ́ríkà tún fi hàn nígbà kan pé alágbára lè tọrọ àforíjì. Ní ọdún 1942, nígbà ogun, ìjọba kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tí ó jẹ́ ìran Japan sí àgọ́. Ọmọ onílùú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, a kò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn wọ́n. Ní ọdún 1988, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tí ó tọrọ àforíjì, tí ó sì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ó ṣì wà láàyè nínú wọn ní 20,000 dọ́là. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n a ṣe é, a sì ṣe é ní gbangba.

Bí a bá wọ̀n ọ́n lónìí

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìwé àdéhùn tí a fi sọ ìlérí 1948 di òfin. Ní Amẹ́ríkà, ààrẹ lè bọwọ́ lu ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n kò lè dè wọ́n títí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó dìbò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà yóò fi gbà á wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlérí ń sùn sí. Amẹ́ríkà bọwọ́ lu àdéhùn tí ó kọ ìparun ẹ̀yà ní ọdún 1948. Ọdún 1988 ni ó tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó fi òǹtẹ̀ lu ti ẹ̀tọ́ ìlú àti ìṣèlú ní ọdún 1992, pẹ̀lú àwọn gbólóhùn tí ó fi yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn apá kan. Ó bọwọ́ lu ti ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé ní ọdún 1977, ti ẹ̀tọ́ obìnrin ní ọdún 1980, àti ti ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1995. Kò tíì fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìparapọ̀, òun nìkan ṣoṣo ni kò sí nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé. Títí di ọdún 2005 ni òfin rẹ̀ fi gbà pé a lè pa ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí ó ṣẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní àlàyé tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ àwọn ti tó, pé ilé ẹjọ́ àwọn lágbára, pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ń bọwọ́ lu ohun tí wọn kò ní lọ́kàn láti ṣe. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwà rẹ bá ti dára ju àdéhùn náà lọ, kí ni ó fa ìbẹ̀rù à ń fi òǹtẹ̀ lù ú?

Èkejì ni ọ̀rọ̀ Guantánamo, àgọ́ ológun tí Amẹ́ríkà ní ní ilẹ̀ Cuba. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, àwọn apanilẹ́kún pa ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìjọba tí yóò ká ọwọ́ gbera lórí irú ibi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù Kínní, ọdún 2002, a kó nǹkan bí 780 ènìyàn lọ sí àgọ́ náà, a kò sì fi ẹ̀sùn kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn rí. Ìjọba ní nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà, apá ilé ẹjọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn baba wa wí pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tí a wí yìí kò tilẹ̀ rí ẹjọ́ kankan rò. Ní ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù Kínní, ọdún 2009, Ààrẹ Obama pàṣẹ pé kí a ti àgọ́ náà pa kí ọdún tó yí po. Àwọn aṣòfin kò gbà. Ní oṣù Kínní, ọdún 2025, ènìyàn 15 ṣì kù níbẹ̀ nínú àwọn tí a kó wá nígbà náà.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2014, ìgbìmọ̀ kan nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ti dá àwọn tí ó mú lóró: wọ́n da omi bo imú àti ẹnu wọn bí ẹni pé a fẹ́ rì wọ́n, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí a yin àwọn aṣòfin tí ó tú àṣírí ilé ara wọn. Kò wọ́pọ̀ ní ayé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí ìwà náà tí a gbé dé ilé ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ yọ eyín kúrò lẹ́nu òfin ìdìbò ti 1965: àwọn ibi tí ó ti máa ń fi ìbò du ènìyàn dúdú kò ní láti gba àṣẹ mọ́ kí wọ́n tó yí òfin ìdìbò wọn padà. Ní ọdún 2023, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 26 ni kò ní ètò ìdáàbòbò ìlera kankan, ní orílẹ̀-èdè tí ó lówó jùlọ ní ayé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, ọlọ́pàá kan fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn ní ìlú Minneapolis fún ìṣẹ́jú tí ó lé ní mẹ́sàn-án títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ní ọdún 2021.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2020, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìparapọ̀ ní Geneva. Àbá tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní kí a yan ìgbìmọ̀ ìwádìí sí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Kí ó tó di pé a fọwọ́ sí i, wọ́n ti da omi sí i: ìgbìmọ̀ ìwádìí ti kúrò níbẹ̀. Láti 1947 sí 2020 jẹ́ ọdún 73. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ìjọ́sí tún gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà kan náà, bí a sì ti gbà wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹni tí ń wọn gbogbo ayé

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Láti ọdún 1977, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ti ń gbé ìròyìn jáde nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti ń ṣe sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn ológun, tí ẹnu wa wúwo, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà tí kò sí nínú ìwé náà: Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan ti wà tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ ń gùn. Láti ọdún 2008 ni Àjọ Ìparapọ̀ ti ṣètò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa wá síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Geneva ní ọdún mélòó kan síra, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kí ó sì dáhùn. Amẹ́ríkà wá ní ọdún 2010, ó wá ní ọdún 2015, ó sì wá ní ọdún 2020. Ó kúrò nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní ọdún 2018, ó padà ní ọdún 2022, ó tún yọ ara rẹ̀ ní ọdún 2025. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 náà, ó kéde pé òun kò ní kópa nínú àyẹ̀wò tí ó kàn án.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí. Amẹ́ríkà kò tíì dé ojú ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn rọ. Ó ti rìn jìnnà sí ibi tí ó wà ní 1948, kò sì sí ẹni olóòótọ́ tí yóò sọ pé kò rìn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó burú jù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń fẹ́ jẹ́ ẹni tí ń wọn àwọn ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má wọn òun. Ìyá ọlọ́jà tí ó ní kọ́ńgò kan fún ríra àti kọ́ńgò mìíràn fún títà lè jèrè fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn oníbàárà bá mọ̀, gbogbo ọjà ni yóò máa fura sí ara wọn.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Ẹnìkan lè wí pé: kí ni ti Amẹ́ríkà kàn wá níhìn-ín? Ó kàn wá púpọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Houston, ní Chicago, ní New York. Òfin tí ó mú àwọn ará ibẹ̀ ni ó mú wọn. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé nígbàkigbà tí alágbára bá sọ òṣùwọ̀n nù, àwọn kékeré ni ó máa ń fi ṣe àwáwí. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, nígbà tí a bá ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé ilé ẹjọ́, tí ẹnìkan yóò wí pé Amẹ́ríkà pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ọba bá rìn ní ìhòòhò, kò sọ pé kí ìlú bọ́ṣọ.

Kí a má sì ṣe fi ẹ̀bi Amẹ́ríkà bo tiwa. Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn ẹ̀tọ́ obìnrin ní ọdún 1985, ti ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 1991. A sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ọdún 2003. Ọwọ́ wa yá sí ìwé ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú títì ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí ẹ ka àwọn ọmọ tí ó ru igbá lórí. Òǹtẹ̀ láìsí iṣẹ́ kò san ju iṣẹ́ láìsí òǹtẹ̀ lọ.

Agbára kọ́ sì ni a fi ń pa ìlérí mọ́. Ní oṣù Kínní, ọdún 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí kò tíì ní òmìnira, tí kò ní ọmọ ogun kan ṣoṣo tí ó lè pè ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ohun tí abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n sọ ni a ṣe yẹn, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni láti fi ipá mú wa ṣe é.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo rọ̀ yín: ẹ ka Ìkéde náà fún àwọn ọmọ, ní èdè Yorùbá tí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni ó wúlò fún nígbà tí àwọn ńláńlá kò tẹ̀ lé e, ẹ sọ ìtàn ìwé ẹ̀bẹ̀ 1947 fún wọn. A gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ kò kúrò lójú ọ̀nà; òfin 1964 àti ti 1965 ni ó bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ di òṣùwọ̀n náà mú. Ẹ fi wọn Amẹ́ríkà, ẹ fi wọn Abúja, ẹ fi wọn káńsù ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì fi wọn ilé yín pẹ̀lú, ní ti bí ẹ ti ń ṣe sí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá yín gbé.